Màlúù Tákàdá ní Cow Lane: Iṣẹ́ Ọwọ́ àti Ẹ̀kọ́ Èdè Yorùbá

Cow Lane jẹ́ àdúgbò kan ní àárín ìlú Accra, ní orílẹ̀-èdè Gánà, nítòsí Zongo Lane. Ó wà lára ibi tí àwọn oníṣòwò Yorùbá tẹ̀dó sí ṣáájú òmìnira Gánà ní 1957. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó jáde. Ọ̀pọ̀ ìdílé padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn, tàwọn tọmọ tí èdè Gánà ti mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Àwọn mìíràn dúró, àwọn mìíràn sì tún padà lọ. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè Gánà tí ìjọba ibẹ̀ fi sínú ètò ilé ẹ̀kọ́. Ga, Twi, Haúsá àti Gẹ̀ẹ́sì ló gba ìgboro. Inú ilé nìkan ni Yorùbá kù sí.

Nínú ilé ọ̀hún náà, èdè lè tán díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ọmọ á mọ ìkíni, á mọ ‘wá jẹun’, á mọ èébú, kò sì ní mọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn yìí kò yọ ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Èkó sílẹ̀. Oògùn tí olùkọ́ sábà máa ń lò sí i ni kí ọmọ há òwe, oríkì àti orúkọ ẹ̀yà ara sórí. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí ọmọ há sórí kò béèrè ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ní ń béèrè. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ọmọlangidi tí ń mira, tí a fi amọ̀ tákàdá mọ, wọ inú kíláàsì Yorùbá.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Ọmọ yóò ya ìwé ìròyìn àtijọ́ wẹ́wẹ́, yóò rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, yóò gún un nínú odó tí wọn kò fi gún oúnjẹ mọ́, yóò fún omi rẹ̀ dànù, yóò sì fi sítáàṣì tí wọ́n sè pò ó. Bí ó bá ṣe Cow Lane ni, kí ni ìbá tún yẹ kí wọ́n mọ bí kò ṣe màlúù? Wọn yóò mọ ara àti orí rẹ̀ lọ́tọ̀, wọn yóò sá wọn gbẹ, wọn yóò sì fi àkísà so orí mọ́ ọrùn kí ó lè máa tẹ̀. Abẹ́ màlúù ni àpótí wà. Ọ̀pá kan dábùú inú àpótí náà, ó ní ọwọ́ ní ìta tí ọmọ yóò máa fi yí i. Wọ́n ti ki kẹ̀kẹ́ páálí kan bọ ọ̀pá yìí, ṣùgbọ́n ihò kẹ̀kẹ́ náà kò sí ní àárín. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró lórí kẹ̀kẹ́, ó gba ojú ihò òkè àpótí jáde, ó sì gbé àgbọ̀n màlúù dúró. Bí ọwọ́ bá ti ń yí, apá kẹ̀kẹ́ tí ó jìnnà sí ihò á ti igi sókè, màlúù á gbórí. Apá tí ó súnmọ́ ihò á jẹ́ kí igi sọ̀kalẹ̀, màlúù á sì tẹrí ba.

Ẹ wo iye ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ti kọjá. Ẹni tí ń fi ‘ṣe’ sọ gbogbo nǹkan yóò rí i pé amọ̀ ni a ń mọ, igi ni a ń gbẹ́, irin ni a ń rọ, aṣọ ni a ń hun. Ohùn pẹ̀lú yóò wúlò lójú ọmọ. Bí olùkọ́ bá ní kí ó rẹ tákàdá, tí ó sì mú ọ̀bẹ láti rẹ́ ẹ, gbogbo kíláàsì ni yóò rí ohun tí àmì ohùn kan ṣoṣo dá sílẹ̀.

Ìgbà tí màlúù bá kọ̀ tí kò mira ni ẹ̀kọ́ tó kún jù. Amọ̀ tákàdá a máa sún kì bí ó bá ti ń gbẹ. Ihò tí ó gba igi lánàá lè há mọ́ ọn lónìí. Ṣé ihò ló há ni, àbí okùn ló dẹ̀? Ṣé ọ̀pá ló wọ́, àbí kẹ̀kẹ́ ló yẹ̀? Ọmọ tí ó fẹ́ kí màlúù rẹ̀ mira gbọ́dọ̀ wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, nítorí ‘kò ṣiṣẹ́’ kò lè tún un ṣe.

Kì í ṣe àṣà àjèjì ni èyí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè Kétu a máa gbẹ́ ère sórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí eléré yóò máa fi okùn fà kí ó lè mira. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, ó sì fi sínú àkọsílẹ̀ ogún ayé ní 2008. Kwagh-hir àwọn Tiv, tí ó kún fún ọmọlangidi, wọ inú àkọsílẹ̀ yìí ní 2019. Ní Gánà fúnra rẹ̀, àwọn ará Winneba ń lẹ tákàdá mọ́ ojú amọ̀ láti fi ṣe ìbòjú ọdún tuntun wọn.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá Accra jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ ère ohun ẹlẹ́mìí. Èrò yìí yẹ fún ọ̀wọ̀. Odó àti ọmọ odó tí ń lọ sókè-sódò yóò kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn mìíràn lè sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀ láti 1970, ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. ‘Kẹ̀kẹ́ tí ihò rẹ̀ kò sí ní àárín’ yé ọmọ ju orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, ó fagi lé e. Wákàtí díẹ̀ tí Yorùbá ní lórí tábìlì àkókò ni ó kù fún olùkọ́. Bí ó bá ná gbogbo rẹ̀ lórí àkọ́sórí, ọmọ Ìbàdàn àti ọmọ Cow Lane yóò di ọgbọọgba láìpẹ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t’àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka ọmọ ni yóò wọ inú àpótí kékeré náà láti tún kẹ̀kẹ́ tò; ẹnu ìyá àgbà ni orúkọ ohun tí ó dì mú wà. Kí olùkọ́ gbé iṣẹ́ náà sí àárín àwọn méjèèjì.