Ẹ Yọ Ṣúgà Kúrò Nínú Ògì Ọmọ

Ní oṣù Kìíní ọdún 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì wọn oúnjẹ fún aráàlú. Ṣúgà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ogun parí ní 1945, ṣùgbọ́n káàdì ṣúgà kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di oṣù Kẹsàn-án 1953. Nígbà ìwọ̀n náà, nǹkan bíi gíráàmù 40 ni àgbàlagbà kan ń jẹ lójúmọ́. Kò pẹ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀ tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di 80.

Bí ọmọ méjì ṣe di ọmọ ìlú kan náà nìyẹn, tí ọdún díẹ̀ péré wà láàárín wọn, àmọ́ tí ọ̀kan ti mọ ṣúgà láti inú oyún, tí èkejì ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kẹwàá 2024, Tadeja Gracner àti àwọn olùwádìí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ohun tí wọ́n rí jáde nínú ìwé ìròyìn Science, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ àkọsílẹ̀ ìlera nǹkan bí 60,000 ènìyàn wò. Àwọn tí káàdì ṣì wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n wà nínú oyún títí wọ́n fi sún mọ́ ọmọ ọdún méjì bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ju àwọn yòókù lọ: ewu rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù fún wọn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru fi bí ìdá 20 dín kù. Kódà, àwọn tí àtọ̀gbẹ padà mú nínú wọn, ọdún mẹ́rin ló fi pẹ́ kí ó tó dé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni àádọ́ta ọdún tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni a sábà máa ń rọ̀ pé kó jáwọ́ nínú ṣúgà. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́. Orí ọmọ ló yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, àní orí aboyún.

Ẹ wo bí ṣúgà ṣe ń wọlé. Àwọn ènìyàn gbà pé málítì tí a pò pọ̀ mọ́ mílíìkì ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, wọ́n sì ń rọ ọ́ fún aboyún lójoojúmọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní kílíníìkì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Wọ́n bí ọmọ tán, ẹnì kan po gúlúkóòsì mọ́ omi, ó ní kó fi pa ọ̀fun. Omi ọyàn nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ máa mu fún oṣù mẹ́fà. Ó dùn tó. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, ògì dé, ṣúgà sì bá a dé. Àwọn kan ń gbé oyin rọ́pò, wọ́n rò pé ó sàn jù. Oyin wà lára ohun tí àjọ náà kà mọ́ ṣúgà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó lè pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan lára gan-an. Níbi ìsọmọlórúkọ pàápàá, ẹ jẹ́ kí bàbá àti ìyá tọ́ oyin náà wò dípò ọmọ.

Ìdí tí àwọn ìyá ń sọ pé àwọn ṣe ń fi ṣúgà sí ògì ni pé ó ń kan. Òótọ́ ni. Ẹ máa da omi orí rẹ̀ nù lójoojúmọ́, kí ẹ rọ omi tuntun sí i, kíkan náà á rọlẹ̀. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀ kúnná tàbí sóyà mọ́ ọn, ẹ fi edé lílọ̀ sí i, tàbí kí ẹ gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n sínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ìlànà oúnjẹ ìjọba Amẹ́ríkà ní 2020 kò fi àyè ṣíbí ṣúgà kan sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Oúnjẹ inú agolo náà ń kọ́? Ní oṣù Kẹrin 2024, ẹgbẹ́ Public Eye ní Switzerland ròyìn pé wọ́n ń fi ṣúgà sí Cerelac tí Nestlé ń tà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti Éṣíà, bẹ́ẹ̀ kò sí ṣúgà àfikún nínú èyí tí wọ́n ń tà ní Switzerland. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ń tẹ̀ lé òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Òfin wa ló yẹ kó yí padà nígbà náà. Kí NAFDAC fòfin de ṣúgà nínú oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì.

Ti owó orí rèé. Òfin ìnáwó tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ìparí 2021 fi náírà 10 lé lítà kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. Náírà 5 nìyẹn lórí ìgò sẹ̀ǹtílítà 50, kò sì sẹ́ni tí ìyẹn lè dá dúró. Láti 2018 ni Gẹ̀ẹ́sì ti ń wo bí ṣúgà inú ìgò ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó bu owó lé e, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì yára dín ṣúgà kù kí owó náà má baà kàn wọ́n. Irú èyí ni Nàìjíríà nílò.

Àmọ́ aboyún ò lè dúró de Abuja. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá ọkọ, àti ẹ̀yin màmá tó ń wá tọ́jú ìyá ọmọ tuntun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra gúlúkóòsì wá, ẹ má sì fi ṣúgà sí ògì ọmọ náà títí yóò fi pé ọdún méjì.