Ìró Béèsì Nínú Ilé Olúwa

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, bí ìjọ bá fẹ́ ra anpilifáyà béèsì, ẹ má ṣe wá èyí tí ó pariwo jù. 1 Kọ́ríńtì 14:7 kọ́ wa pé ó yẹ kí ìró ohun èlò yé ẹni tí ń gbọ́ ọ.

Ẹ wo Hartke HA3500. Ibi méjì ni a ti ń yí ìró rẹ̀: ọ̀kan fún túùbù onígíláàsì, èkejì fún tiransísítọ̀. Ìró túùbù máa ń kún, ó sì ń tuni létí. Ti tiransísítọ̀ máa ń mọ́ gaara. A lè da méjèèjì pọ̀. Bí ohùn bá ń dún padà nínú gbọ̀ngàn yín, ẹ jẹ́ kí ti tiransísítọ̀ pọ̀ jù, kí ọ̀rọ̀ orin má baà sọnù.

Agbára rẹ̀ jẹ́ 350 wáàtì pẹ̀lú gbohùngbohùn olóòmù 4. Olóòmù 8 méjì tí a so mọ́ ọn pọ̀ di 4. Ṣùgbọ́n olóòmù 4 méjì di 2, ìyẹn sì lè jó ẹ̀rọ náà. Ẹ rántí, ọrẹ opó lè wà nínú owó yẹn! Ẹ kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Lúùkù 14:28 ti kọ́ wa. Olúwa yóò fún yín ní ọgbọ́n. Àmín.