Àwàdà àti Òfin Ọ̀rọ̀ Ìkórìíra

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Àwọn ará òpópó Enugu ní Sábọ̀n Gàrí, Kánò, níbi tí Íbò, Yorùbá àti ẹ̀yà mìíràn ń gbé, mọ èyí dájú. Àdúgbò náà rí rògbòdìyàn oṣù karùn-ún ọdún 1953 àti ìpakúpa ọdún 1966.

Ní ìlú Enugu gan-an ni James Iroha ti dá eré àwàdà The Masquerade sílẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé; NTA sì gbé e ká gbogbo orílẹ̀-èdè. Claude Eke, tí kì í ṣe Yorùbá, ni ó ṣe Jegede Shokoya. Wọ́n fi ìwà àti ahọ́n olúkúlùkù ẹ̀yà ṣẹ̀fẹ̀, tonílé tàlejò sì jọ rẹ́rìn-ín.

Ní ọdún 2019, àbádòfin kan dé iwájú Ilé Aṣòfin Àgbà, tí ó dábàá ikú fún ẹni tí ọ̀rọ̀ ìkórìíra rẹ̀ bá pànìyàn. Ó kan eré ṣíṣe pẹ̀lú. Kò tilẹ̀ di ìgbà tí eléré bá gbèrò ibi: bí eré náà bá ṣeé ṣe kí ó ru ìkórìíra sókè, ó ti tó. Àbádòfin náà kò di òfin.

Ẹni tí ó fi aládùúgbò ṣẹ̀fẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ó ní kí a lé e jáde. Òfin tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò mú aláwàdà, yóò sì fi ọ̀daràn sílẹ̀. Ní ọdún 1966, òfin tí ó de ìpànìyàn ti wà nílẹ̀. Ìgbẹ́jọ́ àwọn apànìyàn ni ó ṣọ̀wọ́n.