Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Ẹ̀dà Ni Kí Ó Ṣáájú Àtúnṣe

Ó ti di àṣà nínú ọ̀pọ̀ ilé láti ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa pa nǹkan mọ́ fún gbogbo ará ilé: àwòrán ìgbéyàwó, ohùn àwọn òbí tí ó ti papò dà, ìwé ilẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ. Àpótí ìṣúra ni. Ṣùgbọ́n kò dàbí àpótí onígi, nítorí bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni a ń rí ihò tuntun nínú àwọn ètò tí ń mú un ṣiṣẹ́, èyí tí olè lè gbà wọlé. Àtúnṣe ni a fi ń dí ihò wọ̀nyí.

Àwọn kan a máa wí pé, “Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án.” Kí wọ́n rántí oṣù kẹfà ọdún 2021. Ẹ̀rọ ìpamọ́ kan wà tí à ń pè ní My Book Live, tí ilé-iṣẹ́ Western Digital ṣe. Láti ọdún 2015 ni a kò ti ṣe àtúnṣe fún un mọ́, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn fi í sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olè wọ inú rẹ̀ láti òkèèrè, a sì nu ohun tí ó wà nínú púpọ̀ nínú wọn nù. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà níbòmíràn, ẹ̀rọ nìkan ni ó pàdánù. Ẹni tí kò ní, ìrántí ilé rẹ̀ ni ó lọ.

Àwọn mìíràn sì ń kánjú. Bí wọ́n ti gbọ́ pé àtúnṣe dé, wọn a gbà á lójú ẹsẹ̀, wọn kì í wo ohun tí yóò yí padà. Àwọn náà kò ṣe dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ ẹ̀rọ tí ó ń lo Debian, ètò ọ̀fẹ́ tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993.

Èkíní, ẹ ṣe ẹ̀dà ohun gbogbo tí ó ṣe iyebíye sórí díìsìkì mìíràn, kí ẹ sì ṣí díẹ̀ wò nínú rẹ̀ bóyá ó pé. Díìsìkì méjì tí a so pọ̀ nínú ẹ̀rọ kan náà, tí à ń pè ní RAID, kì í ṣe ẹ̀dà. Ohun tí a bá pa rẹ́ lórí ọ̀kan, ó pa rẹ́ lórí èkejì.

Èkejì, ẹ pa àṣẹ apt update. Èyí kò tíì yí ètò kankan padà. Ìròyìn àwọn ètò tuntun nìkan ni ó ń mú wá. Lẹ́yìn náà, apt list --upgradable yóò fi àwọn tí àtúnṣe kàn hàn yín. Ẹ kà wọ́n.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo apt upgrade, nítorí kì í yọ ètò kankan kúrò. Bí ọ̀ràn bá di ti apt full-upgrade, ẹ fara balẹ̀ wo orúkọ àwọn tí yóò yọ, kí ẹ tó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná kò dáni lójú. Bí iṣẹ́ bá dúró lágbedeméjì, àṣẹ dpkg --configure -a ni a fi ń parí èyí tí ó kù.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí bàálé ilé máa ṣe èyí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí ó sì fi kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, kí ìmọ̀ náà má baà bá a lọ.