Ẹ Má Jẹ Alákàn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Bọ́ Èèpo

Ọ̀rọ̀ alákàn ni mo bá wá lónìí.

Alákàn ò ní egungun nínú. Èèpo líle tó wà níta yẹn ni egungun rẹ̀, òun náà ni asà rẹ̀. Inú èèpo yẹn ni iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ so mọ́. Edé náà rí bẹ́ẹ̀, tiẹ̀ kàn fẹ́lẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n èèpo yẹn kì í dàgbà. Bí alákàn bá máa tóbi sí i, àfi kó bọ́ ọ sílẹ̀. Èèpo á là lẹ́yìn, á fi ẹ̀yìn yọ jáde. Tuntun ti wà lábẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣì rọ̀. Á fa omi sára kó lè wú, kí èèpo tuntun náà lè gbà á láyè. Títí tó fi máa le, kò lè jà. Ṣe ló máa ń sá pamọ́. Ẹ sì gbọ́ èyí o: ẹja nìkan kọ́ ló ń wá a jẹ. Àwọn alákàn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ń jẹ ẹ́!

Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe ohun tí à ń ṣe nínú ìjọ nìyẹn? Ọmọkùnrin kan fi igbó mímu sílẹ̀, ó gba Jésù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kó tó di Sọ́ńdè kejì, a ti gbé fídíò ẹ̀rí rẹ̀ sórí Facebook. Tó bá wá ṣubú, àwa kan náà la máa kọ́kọ́ sọ pé, "A ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Èèpo rẹ̀ ò tíì le! Àwọn kan á ní ẹ̀rí ń gba ọkàn là. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ̀rí ò ní bàjẹ́ tó bá dúró díẹ̀. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tí Jésù pàdé rẹ̀, Arébíà ló lọ. Ọdún 3 kọjá kó tó gòkè lọ rí Pétérù ní Jerúsálẹ́mù.

Alákàn kan wà ní etíkun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní blue crab. Tí abo rẹ̀ bá fẹ́ bọ́ èèpo, akọ á gbé e sábẹ́ ara rẹ̀. Tó bá bọ́ ọ tán, á tún gbé e, á máa ṣọ́ ọ títí ara rẹ̀ á fi le. Irú ìjọ tó yẹ ká jẹ́ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà lónìí. Ẹ má bi í léèrè ohun tó ti ṣe sẹ́yìn. Ẹ kàn gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí àwa náà máa ṣọ́ ara wa.

Ìwọ tí ara rẹ ṣì rọ̀, Ọlọ́run á bò ọ́ títí wàá fi le, lórúkọ Jésù. Ẹ bá mi ṣe Àmín, kí ẹ sì pín in fún ẹlòmíì.