Ẹ Má Kọ Ọmọ Nìkan Sínú Fáìlì: Lẹ́tà sí Àwọn Òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà

Ẹ̀yin ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìgbáyégbádùn ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Òkun, àti ẹ̀yin olùkọ́ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́,

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn: ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n, owó epo kì í tètè jáde, òṣìṣẹ́ kò sì kárí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ojú tí ẹ fi ń wo ẹbí ló ń dùn mí. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ bá dé iwájú yín, ọmọ náà lẹ ń wò, ẹ ó tún wo bàbá àti ìyá tó bí i, ó parí. Àwọn tó ń tọ́ ọmọ náà lójoojúmọ́ kì í sí níbẹ̀. Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ tí ẹ ti parí fi ń padà wá bá yín.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìyámoyè. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 kan kò lọ sílé ìwé mọ́. Bàbá rẹ̀ wà ní Èkó, ìyá rẹ̀ ti lọ́kọ mìíràn ní Òmùò-Èkìtì, ìyá bàbá rẹ̀ ló ń tọ́ òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wẹ́fíà ránṣẹ́ pe bàbá àti ìyá. Àwọn méjèèjì jókòó síwájú tábìlì, wọ́n ń ka ẹ̀sùn síra wọn lọ́rùn. Ìyá àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó di ọ̀rá kan mú tí gbogbo káàdì ilé ìwé ọmọ náà wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí bàbá máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣooṣù, kí ìyá mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, fáìlì padé.

Ká ní wọ́n bi ìyá àgbà ni, wọn ì bá gbọ́ pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àti pé ọmọ yìí ló ń mú un lọ́wọ́ lọ sóko, tó ń pọnmi, tó ń dáná. Wọn ì bá gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọ ló ń san owó ilé ìwé tẹ́lẹ̀, àti pé láti ìgbà tí owó kajú tó ń tà ti já wálẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti ká a mọ́. Oríkunkun kọ́ ló lé ọmọ náà kúrò nílé ìwé. Òun ló di òpó tó gbé ilé ró. Bí ẹ bá sì gbé e lọ sí Òmùò, àbúrò rẹ̀ ni yóò fi ìwé sílẹ̀ kí ó lè dúró ti ìyá àgbà. Ẹ ti yanjú ọ̀kan, ẹ ti dá òmíràn sílẹ̀, ẹ kò sì ní í mọ̀, nítorí pé orúkọ àbúrò yẹn kò sí nínú fáìlì yín.

Ohun tí ẹ̀kọ́ systems theory ń sọ kò ju èyí lọ. Ludwig von Bertalanffy, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tó jẹ́ ará Austria, ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1968: ohun tó so pọ̀ kò ṣeé mọ̀ bí a bá tú u sí wẹ́wẹ́, tí a ń yẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò. Ní 1979, Urie Bronfenbrenner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sórí ìdàgbàsókè ọmọ. Ó ní ilé nìkan kọ́ ló ń tọ́ ọmọ. Àjọṣe ilé pẹ̀lú ilé ìwé, ibi iṣẹ́ òbí tí ọmọ kò dé rí, òfin àti àṣà ìlú, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ. Iye tí wọ́n ń ra kajú wà nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tiwa yìí. Ẹ̀rù ajínigbé lójú ọ̀nà Ìyámoyè sí Òmùò, tí kì í jẹ́ kí ìyá lè máa yọjú sọ́mọ, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ ti kọ́ gbogbo èyí nílé ẹ̀kọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ nínú ìdánwò, ẹ yege. Kí ló wá dé tí kò fi bá yín dé ọ́fíìsì? Apá kan ìdí rẹ̀ wà nínú bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1940 sí 1949, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka wẹ́fíà sílẹ̀ ní Èkó, Donald Faulkner tó ti inú iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n wá ni wọ́n fi ṣe òléwájú. Àwọn ọmọkùnrin tó ń sùn káàkiri ìgboro ni wọ́n ní kó bójú tó. Wọ́n mú ọmọ, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, wọ́n wá ibi tí wọn yóò fi í sí. Ọ̀nà yẹn náà lẹ ṣì ń tọ̀.

Ọmọ Yorùbá kan sì ti fi ọ̀nà mìíràn hàn wá. Ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abẹ́òkúta. Dípò kí ó há wọn mọ́, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ó sì ní kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan mú ó kéré tán ìbátan kan dání, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lọ́dún yẹn kan náà ni Murray Bowen, dókítà ọpọlọ kan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti wá gba odindi ẹbí sínú wọ́ọ̀dù pẹ̀lú aláìsàn. Orúkọ Bowen lẹ ń kọ sínú ìwé ìdánwò. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní ti Lambo pẹ̀lú.

New Zealand náà gbọ́ ẹ̀dùn àwọn Maori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, pé ìjọba ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹbí. Òfin wọn ti 1989 ní kí wọ́n pe gbogbo ẹbí jọ. Òṣìṣẹ́ yóò ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀, yóò sì jáde kí ẹbí lè gbìmọ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n tó mú àbá wọn wá. Ìpàdé mọ̀lẹ́bí tí àwọn baba wa ń ṣe nìyẹn, òfin ló wá gbè é lẹ́yìn.

Ẹlòmíràn yóò ní ẹbí náà ló ń bo àṣírí ìkà mọ́lẹ̀. Òótọ́ ni, n kò sì ní í pa ẹnu mọ́ lórí rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń lù bí ẹni lu bàrà, tàbí tí wọ́n ń bá lò pọ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò nínú ewu, kí ẹnikẹ́ni tó pe ìpàdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ilẹ̀ Nàìjíríà ti 2003 ti sọ ọ́ pé ire ọmọ ni kó ṣíwájú. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn gan-an, ẹ ṣì ní láti mọ ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́, ẹni tí owó aṣebi náà ń bọ́, àti ọmọ mìíràn tó ṣì wà nínú ilé yẹn.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ dé ilé tí ọmọ ń sùn kí ẹ tó ṣèpinnu. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń bọ́ ọ, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń san owó rẹ̀, àti gbogbo ọmọ tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Bí àwọn tó wà l'Ékòó kò bá lè wá, ẹ pè wọ́n lórí fóònù níṣojú àwọn yòókù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ wo ohun tí ìpinnu yín sọ gbogbo wọn dà. Ẹ̀yin olùkọ́, ilé tí ènìyàn ń gbé ni kí ẹ ti máa dán akẹ́kọ̀ọ́ wò.

Kò dìgbà tí owó bá dé. Ọmọ tó bá jókòó síwájú yín lọ́la, ẹ bi í pé ta ló ń jí i láàárọ̀. Ẹni tó bá dárúkọ, ẹ ránṣẹ́ pè é, kí ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìyámoyè kan