Oorun Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ìwé



Gbogbo wa la mọ ọmọ ẹgbẹ́ tó ń ti ìdí ẹ̀rọ ní Mátọ̀rí tàbí ìdí ọkọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ìdánwò WAEC ló ń múra fún. Ó ń wá kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣíwèé, yóò ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní rí nǹkan kan dì mú. Orí á máa gbóná, ojú á máa ṣomi, á dà bíi pé nǹkan ń rìn nínú orí. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń bá a jà. Irọ́ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1960, Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí irú rẹ̀ ń ṣe. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ló lò: brain fag, èyí ni pé ọpọlọ ti rẹ̀. Ní 1994, àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ńlá wọn, pẹ̀lú àwọn àìsàn tí wọ́n so mọ́ àṣà ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 2013, wọn kò fún un ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ mọ́. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àrùn aláwọ̀ dúdú. Ní àwọn ọdún 1980, Olufemi Morakinyo, oníṣègùn ọpọlọ ní Ilé-Ifẹ̀, ti tọ́ka sí àìsùn àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lé oorun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Wákàtí 24 ni Ọlọ́run fún olówó àti òtòṣì. Ẹni tó bá fi 12 ṣiṣẹ́, tó fi 3 jókòó nínú gosiló, tó tún fi 3 wà ní kíláàsì, 6 péré ló kù fún un láti jẹun, láti wẹ̀, láti wo ojú ọmọ, láti kàwé, kó sì tún sùn. Ibẹ̀ ló ti ń wá obì, kọfí, tàbí oògùn tí wọ́n ń tà lábẹ́ bíríìjì. Gbèsè nìyẹn. Gbèsè oorun kì í sì í yan ibi tí yóò ti gba owó rẹ̀: ó lè jẹ́ lórí Ìkòròdú Róòdù pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, ó lè jẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń gé irin.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń kàwé kọ́kọ́ sùn kó tó ṣíwèé. Kó kà díẹ̀díẹ̀, kó sì máa sinmi láàárín. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń gba èsì ìjókòó méjì. Kò pọn dandan kéèyàn ru gbogbo ẹrù lẹ́ẹ̀kan. Bí orí kò bá yé gbóná lẹ́yìn ìsinmi, kó lọ rí dókítà. Láti 1907 ni ilé ìwòsàn Yábàá ti wà. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lọ gba ìmọ̀ràn kò ya wèrè.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn nìkan kò tó. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé wàhálà ibi iṣẹ́ tó pẹ́ tí a kò bójú tó ló ń fa irú àárẹ̀ tó ń gba gbogbo okun èèyàn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ wá, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni. Láti 1974 ni Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ní Geneva ti fọwọ́ sí Àdéhùn 140, pé kí òṣìṣẹ́ lè gba àyè lọ kẹ́kọ̀ọ́ láìgé owó rẹ̀.

Àwọn máníjà yóò ní, bó bá gba sátífíkéètì tán, yóò fi wá sílẹ̀. Àwọn kan yóò lọ lóòótọ́. Àwọn tó bá dúró ni yóò lè ka ìkìlọ̀ tó wà lára ike kẹ́míkà, tí yóò sì lè ka ìwé àdéhùn owó oṣù wa kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn yóò ní, èmi tí n kò kàwé, kí ló kàn mí tí n ó fi gba iṣẹ́ òru rẹ̀? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá fẹ́ lọ sìnkú bàbá rẹ ńlé, òun ni yóò dúró fún ọ.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ̀ka wa gbé lọ bá àwọn aláṣẹ. Èkíní, kí a kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ ṣèdánwò sílẹ̀ kí wọ́n tó to ètò iṣẹ́. Èkejì, kí wọ́n jẹ́ kí òṣìṣẹ́ méjì lè pààrọ̀ iṣẹ́ òru àti ti ọ̀sán láìsí ìyà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má gé owó ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ìdánwò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá sí ìpàdé ká lè dìbò lé e. Bí ọ̀pọ̀ wa kò bá sí níbẹ̀, àwọn máníjà yóò ní ẹni méjì péré ló ń béèrè.